Ẹ Dá Kọ́kọ́rọ́ Gbọ̀ngàn Padà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Onílé Àdúgbò Wa

Sí Alága, Akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀,
Ẹgbẹ́ Onílé àdúgbò wa,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò, ẹ kú ètò àwọn ọdẹ, ẹ kú wàhálà tíráńsífọ́mà. Ìwé yín tẹ àwa ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ọmọdé kan ló mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí a ti ń ṣèpàdé láti ìgbà tí ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ wa. A ò kà á lójú ẹsẹ̀, torí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, a kì í sì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wa lẹ́nu. Ìgbà tó parí la tó kà á.

Ẹ ní ẹ gbọ́ pé àwọn obìnrin kan ń péjọ láti kọ́ ara wọn ní àfojúdi. Ẹ ní a ò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn mọ́ àfi tí a bá kọ orúkọ gbogbo wa sílẹ̀, kí ọkọ kálukú sì buwọ́ lù ú. Ẹ tún ní kí ọkùnrin kan máa jókòó tì wá. Mo ka èyí tó gbẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo wá bojú wo àwọn tó yí mi ká: ìyá kan tó ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí àwọn ọmọ yín, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ta gan-an lẹ fẹ́ rán wá pé kó máa ṣọ́ wa?

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, èmi ni wọ́n ní kí n fèsì. Mo sọ ọ́ di lẹ́tà ṣíṣí nítorí pé àwọn ìyàwó yín máa kà á, àwọn ọmọ yín tó wà l'Ékòó àti lókè òkun náà máa kà á, ó sì sàn kí gbogbo wa jọ ka ohun kan náà.

Ẹ bèèrè pé kí la máa ń ṣe níbẹ̀. Ó yá, ẹ gbọ́.

Àjọ la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún lóṣù, ẹni tó bá kàn ni yóò kó o. Ọdún mẹ́rin gbáko, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wa ju iye tí wọ́n ń ta tòmátì àti irú aṣọ tí a óò dá fún ìgbéyàwó ọmọ lágbájá. Ó di oṣù kan, ẹni tí àjọ kàn kò wá kó owó rẹ̀. Ẹ rò ó wò, ta ló ń gbàgbé àjọ? Ọkọ rẹ̀ kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, gbogbo wa la bá a sin ín, a rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣì ń ṣe. Àwa mẹ́fà gbéra, a lọ kí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la bá a, òun àti àpótí aṣọ méjì. Àwọn àbúrò ọkọ ti ti yàrá pa, wọ́n ní ó di ìgbà tí ẹbí bá wá ka ẹrù. Ẹ̀rọ ìlọta tó fi ń lọ ata fún gbogbo àdúgbò yìí, tó fi owó àjọ wa gan-an rà, wọ́n ti kó o mọ́ ẹrù olóògbé.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní kì í ṣe ohun tí àwọn àbúrò ọkọ ṣe. Ohun tí èmi sọ ni. Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí mò ń kí ènìyàn kú àárọ̀. Nígbà tí à ń padà bọ̀ ni nọ́ọ̀sì dúró láàárín títì, ó ní, "Ta ló sọ fún wa pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?" A dúró síbẹ̀. Ọkadà ń fọn fèrè mọ́ wa.

Láti oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé ti yí padà. A ṣì ń dájọ. Ṣùgbọ́n tí a bá ti ka owó tán, a ó jókòó yíká, ẹnì kan yóò sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí i nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, a ó sì gbọ́ ọ délẹ̀. Òfin wa kò pọ̀. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kì í bá wa délé. Ẹni tó bá sì wí pé "fara dà á, ìwọ nìkan kọ́" tàbí "bó ṣe máa ń rí nìyẹn" yóò san ₦200. Èmi ni mo ti san jù. Owó náà la fi ń ra píọ̀ wọ́tà, òùngbẹ kò sì gbẹ wá rí.

Nígbà mìíràn, òwe la máa ń gbé wá, irú èyí tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, a ó wá máa ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. "Ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá." Ìyẹn nìkan gbà wá ní ọ̀sán kan, torí kò sí ẹni tí wọn ò tíì fi bú nínú wa. "Bọ́kùnrin réjò, bóbìnrin pa á, kéjò ṣáà ti kú." Ẹ̀yin gan-an fẹ́ràn èyí, alága pa á fún wa nígbà tí à ń dáwó tíráńsífọ́mà. A kíyè sí i pé ìgbà tí ejò bá ṣì wà láàyè ni wọ́n máa ń pa á fún obìnrin. Tó bá ti kú tán, orúkọ ẹni tó rí i ló máa ń wọ inú ìwé.

Ọ̀rọ̀ ìwé wá ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, torí ó kàn yín.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé ní kí ẹni tó bá jọ kọ́ ilé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ mú ìwé ilẹ̀ wá, kó sì mú risíìtì ohunkóhun tó bá fi owó tirẹ̀ rà sí ilé náà. Àwa mọ́kànlá la mú u wá. A tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ: sìmẹ́ńtì, irin, búlọ́ọ̀kù, gíláàsì fèrèsé, owó gbẹ́nàgbẹ́nà. Iṣẹ́ obìnrin pọ̀ lórí tábìlì yẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwa mọ́kànlá, ẹni méjì péré ni ìwé ilẹ̀ mọ̀, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì sì rèé, "Misìsì" ni wọ́n kọ, wọ́n wá kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí níbẹ̀ rárá.

Tèmi ńkọ́? Ní 2009, mo yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́, mo fi ra páànù tí a fi bo ilé wa. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Tayọ̀tayọ̀ ni mo mú risíìtì náà wá, mo ṣí i, orúkọ ọkọ mi ni mo bá. Mo wá rántí. Ẹni tó ń ta páànù gbé bírò, ó ní, "Orúkọ Dádì ńkọ́?" èmi náà ni mo pè é fún un. Ọkọ mi kò sí níbẹ̀, ibi iṣẹ́ ló wà. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀tá ọkùnrin nínú ìpàdé wa, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ nìyẹn: obìnrin kan tó ń wo ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ pè.

(Ọkọ mi ka lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní kí n yọ ọ̀rọ̀ páànù kúrò. N ò yọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló ra ìṣó. Òun ló ra ìṣó.)

Bákan náà, kì í ṣe ẹjọ́ ọkùnrin nìkan la ń rò níbẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀kan nínú wa tó sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé òun kò ní nǹkan sọ. Ọjọ́ tó wá sọ ọ́, ohun tó sọ ni pé ní 2004, òun fúnra òun lòun ti yàrá ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun pa nígbà tí ẹ̀gbọ́n kú, òun lòun di kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró fún oṣù méjì. Ó ní òun rò pé dúkìá bàbá òun lòun ń dáàbò bò. Kò sẹ́ni tó bú u. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀ láti lọ bẹ ìyàwó náà. Kò sọ fún wa bóyá ìyẹn dárí jì í, a ò sì bi í.

Ẹlòmíràn, ìhà Ìdànrè ni wọ́n bí i sí, oko kòkó ni ìyá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ìyá ló ń ro ìdí kòkó láti ìgbà tó ti wà ní èèhù. Bí bàbá bá ká a tán, ìyá àti àwọn ọmọ ni yóò fọ́ ọ, tí wọn yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí wọn yóò sá a, tí wọn yóò máa fọwọ́ rò ó nínú oòrùn, tí wọn yóò sì máa sáré kó o bí òjò bá ṣú. Ọjọ́ òṣùwọ̀n nìkan ni kò sí ìyá níbẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, wọ́n pín oko. Ìyá tó mọ igi kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ, wọ́n ní kó wá máa tọrọ àyè láti ṣẹ́gi ìdáná níbẹ̀.

Ẹ ó ní àṣà ni. Mo fẹ́ kí á jọ yẹ àṣà náà wò, torí ọmọ Oǹdó ni mí, ilé ọkọ ló gbé mi dé Àkúrẹ́. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa láti kékeré ni pé obìnrin ló kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó, Púpùpú lorúkọ rẹ̀. Títí dòní, Lóbùn wà l'Óǹdó, ọba obìnrin ni wọ́n ń pè é, ìkáwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjà wà, kò sì sí Ọ̀ṣemàwé tó ń gorí ìtẹ́ tí ọwọ́ Lóbùn kò sí níbẹ̀. Tiyín níhìn-ín ńkọ́? Orúkọ obìnrin méjì wà nínú àwọn tí ìtàn ní wọ́n ti jẹ Déjì, ọba Àkúrẹ́. Nígbà tí Ọba Adébíyìí Adésídà wàjà ní òpin 2013, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adétutù Adésídà-Ojei, ló ṣe adelé títí di 2015. Mo rí fọ́tò alága wa níwájú rẹ̀ nígbà náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì yẹ ẹ́.

N kò ní tan ara mi jẹ o. Adelé ni adelé ń jẹ́. Wọ́n a fi aṣọ ọkùnrin wọ obìnrin náà kí ìlú tó lè rí ọba nínú rẹ̀, bí ọkùnrin bá sì ti dé, yóò bọ́ ọ fún un. A ti jiyàn lórí èyí nínú ìpàdé, a ò sì tíì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé àṣà wa kò mọ obìnrin ní ipò àṣẹ, ẹ sọ fún un pé kó tún lọ bi àwọn àgbà léèrè.

Lórí ogún náà, lọ́yà tó jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú wa wá la ọ̀rọ̀ yé wa. Yálà ìdí igi ni a fi pín ogún (ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan) tàbí orí-ò-jorí (ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan), ọmọbìnrin ń gbà nínú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Láti ayé òyìnbó ni ilé ẹjọ́ ní Èkó ti sọ nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole pé obìnrin lè di olórí ẹbí tó bá jẹ́ pé òun ni àgbà ọmọ tó kù. Ìyàwó ni kò rí nǹkan kan. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, bí ọkọ bá kú láìṣe ìwé ìpíngún, ara ogún tí ẹbí yóò pín ni opó fúnra rẹ̀ wà. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà l'Ọ́jà Ọba bèèrè pé, "Ṣé èmi àti tẹlifíṣọ̀n la jọ máa wà níbẹ̀?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tó yá, omi ojú ṣẹ́kù, ẹ̀rín ti tán.

Ṣùgbọ́n omi ń lọ, kò dúró sójú kan. Abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò gbà kí wọ́n fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, ilé ẹjọ́ kan náà ní àṣà Igbo tó ń fi ogún bàbá du ọmọbìnrin lòdì sí òfin yẹn. Lọ́dún náà, nínú ẹjọ́ Anekwe, wọ́n bẹnu àtẹ́ lu àṣà lílé opó jáde nílé nítorí pé kò bí ọkùnrin. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí ìwà ipá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fipá lé ènìyàn jáde nílé rẹ̀ tàbí láti fìyà opó jẹ opó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tirẹ̀ ní 2021. Ti ẹni tó ń lọta fún wa kò tilẹ̀ dé kóòtù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ àgbà ló wá láti oko, ọkùnrin bí ọkùnrin, ó sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pé ẹ̀rọ ìlọta kì í ṣe aṣọ òkú. Wọ́n ṣí yàrá lọ́jọ́ yẹn.

Mo mọ̀ pé ìpàdé obìnrin máa ń ba ènìyàn lẹ́rù, ó sì nídìí. L'Ábẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1940, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ́kọ́ jẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà wá bá wọn pé àwọn fẹ́ kọ́ ìwé kíkà. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ A, B, D ni wọ́n ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn ọlọ́jà, bí obìnrin ṣe ń san owó orí tí kò sì sí ẹni tó ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń bu owó náà. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 1949, Aláké, ọba Ẹ̀gbá, ti fi ìlú sílẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, a ò ní kí alága fi ipò sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò tíì dé ibẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n owó orí tiwọn ni tíráńsífọ́mà tiwa. Ẹ ní ilé kọ̀ọ̀kan yóò san ₦45,000. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe fẹnu kò sí i? Ìlànà yín ni pé ọkùnrin nìkan ló ń jókòó nípàdé onílé, pé opó yóò rán ọmọkùnrin rẹ̀ wá. Ẹni tó ń lọta yìí, láti ọdún méjì tí ọkọ rẹ̀ ti kú, orúkọ olóògbé lẹ ṣì ń pè. Bí kò bá jáde fún ìmọ́tótó, òun lẹ ń bu owó ìtanràn fún. Bí ìpàdé bá dé, ọmọ rẹ̀ lẹ ń pè.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọ náà. Mo kọjá níwájú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tíráńsífọ́mà. Mo rí i lórí àga ike láàárín àwọn bàbá tó jù ú lọ ní ogójì ọdún, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù sẹ́kọ́ńdìrì, orí rẹ̀ ń yẹ̀ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, oorun ti gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, ó ń nà gágá láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa owó tí òun yóò san. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́, ẹnì kan gbún ọmọ náà nígbọ̀nwọ́. Ó ta jí, ó nawọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé yẹn ṣe fọwọ́ sí ₦45,000.

Ìpínlẹ̀ tí Jùmọ̀kẹ́ Akíndélé ti ṣe olórí ilé aṣòfin láti 2014 di 2017 nìyí o, tí àwọn ọkùnrin tẹrí ba fún un kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Òfin gbogbo ìpínlẹ̀ kò ju obìnrin lọ. Tíráńsífọ́mà nìkan ló jù ú lọ.

Nítorí náà, a ò ní fi orúkọ wa ránṣẹ́ fún ọkọ kankan láti buwọ́ lù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kó bi í léèrè nínú yàrá wọn. A ò sì ní gba ọkùnrin tí yóò jókòó tì wá. Kì í ṣe pé a ń fi nǹkan pamọ́. Ẹni tó ń lọta kò lè sọ ohun tó sọ fún wa bí àbúrò ọkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú yín. Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ni a fẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣí ìwé orúkọ onílé, kí ẹ kọ orúkọ ìyàwó ti orúkọ ọkọ níbi tí wọ́n bá ti jọ kọ́ ilé. Ẹ yọ orúkọ olóògbé, kí ẹ kọ ti opó tó ń san owó.

Ìpàdé yín tó ń bọ̀ jẹ́ Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin. Ẹni tó ń lọta yóò wá fúnra rẹ̀, àwa mọ́kàndínlógún yóò sì sìn ín wá. Ẹ má ṣe dààmú nípa ibi ìjókòó: ọgọ́ta àga ike tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, owó àjọ wa la fi rà á, risíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, orúkọ ẹgbẹ́ wa ló wà lórí rẹ̀.

Ọmọ náà kò ní lè wá. Ó ní ìdánwò ìṣirò ní ọjọ́ Ajé.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò,
Àkúrẹ́.